Ẹ bá mi wá oníṣẹ́ kíákíá: ọ̀ṣọ́ amọ̀ ń já lára ilé ìjọ wa ní Chicago

Màmá_Southside: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀ṣọ́ olódòdó kan já lára ilé ìjọ wa lálẹ́ àná, ó fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì tí èèyàn ń gbà kọjá. Ọlọ́run ló yọ wá, kò bá ẹnì kankan. Ilé àtijọ́ ni, amọ̀ sísun ni, kì í ṣe òkúta. Sunday ń bọ̀. Ta lẹ mọ̀ tó lè ṣe é?

Bọ̀dé_Onírin: Ẹ kú ewu o, mà. Ṣé ilé báǹkì àtijọ́ yẹn ni? Alájà mélòó? Tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 80, òfin Chicago ní kí ẹnjiníà máa yẹ ara ẹ̀ wò. Ẹ kọ́kọ́ dí ẹ̀gbẹ́ títì yẹn pa. Lọ́dún 1979, ègé kan já lára ilé ní New York, ó pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣòfin tiwọn lọ́dún 1980.

Adùkẹ́_OakPark: Ẹ má gba ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á dí gbogbo ẹ̀ pa, òun á sì kùn ún! Ohun tí wọ́n ṣe fún ilé tí mò ń bójú tó nìyẹn. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì líle dí gbogbo oríkèé, wọ́n wá fi ọ̀dà tí omi ò lè gbà kọjá kùn ún. Inú amọ̀ yẹn ṣófo, irin ló gbé e dúró. Omi tó wà nínú ò rọ́nà jáde, irin dípẹtà, ó wú, òtútù wá dé. Kí yìnyín tó yọ́ tán, ojú amọ̀ ti ń bó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Owó àtúnṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Inú ṣì ń bí mi.

Túnjí60: Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n?

Adùkẹ́_OakPark: Mi ò ní dárúkọ wọn síbí.

Kúnlé_Bíríkìlà: Ẹ yẹ gọ́tà òkè wò ná, ibẹ̀ lomi ti ń wọlé. Kí wọ́n fi òòlù onígi kan ègé kọ̀ọ̀kan: èyí tó dá máa dún bí agogo, èyí tó ti là, ohùn ẹ̀ á kú. Fíbà (fiberglass, ike tí wọ́n fi okùn gíláàsì mú le) ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò èyí tó já. Ó fúyẹ́, ó sì yá.

Adùkẹ́_OakPark: Fíbà kẹ̀? Oòrùn á pa àwọ̀ ẹ̀ dà. Ilé iṣẹ́ Boston Valley nítòsí Buffalo àti Gladding McBean ní California ṣì ń sun ojúlówó ọ̀ṣọ́ amọ̀.

Kúnlé_Bíríkìlà: Oṣù mélòó ni wọ́n fẹ́ dúró? Amọ̀ máa ń súnkì nínú iná, mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tóbi ju ègé àtijọ́ lọ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń parí ẹ̀. Ìjọ ni wọ́n o!

Ọmọ_Modákẹ́kẹ́: Ẹ ránṣẹ́ sílé. Ifẹ̀ ti ń fi amọ̀ mọ orí èèyàn ṣáájú 1500. Àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù ńkọ́?

Kúnlé_Bíríkìlà: Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò níbẹ̀, iná ẹ̀ ò gbóná tó. Amọ̀ tó bá ń fa omi, òtútù Chicago á fọ́ ọ.

Bísí_Loop: Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ilé tí wọ́n fi amọ̀ sísun bò, ẹ lọ wo ilé Reliance ní State Street, 1895 ni wọ́n parí ẹ̀. Ilé Wrigley náà wà létí odò, funfun ẹ̀ ń mọ́lẹ̀ sí i bójú ṣe ń gòkè. Ẹ mú àwọn ọmọ dání.

Màmá_Southside: Ẹ ṣeun gan-an. Ilé alájà mẹ́ta ni. Ìgbìmọ̀ ti pinnu: ọkọ arábìnrin kan nínú ìjọ máa tú gbogbo ọ̀ṣọ́ iwájú ilé kúrò ní Saturday, á fi bíríkì lásán dí i. A ò rí oorun sùn mọ́.

Adùkẹ́_OakPark: Mà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ní City Hall bóyá òfin dáàbò bo ilé yẹn. Tẹ́ ẹ bá máa tú u náà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kó wọn pa mọ́. Ẹ má da ìkankan nù, ẹ jọ̀ọ́.