Èsì: “Àdó aparíogun” kọ́ ló yẹ ká pè é

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá “àdó aparíogun” lábàá fún atomic bomb tí Amẹ́ríkà jù sí ìlú Hiroshima àti Nagasaki ní Jàpáànù ní 1945 ní “àdó olóró” ti di ti gbogbo ayé: èyí tí agbésùmọ̀mí so mọ́ra àti èyí tí sójà ń jù, orúkọ kan náà là ń pè wọ́n. Òótọ́ ni wọ́n sọ níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ orúkọ tuntun yìí ti dá ẹjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rojọ́.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ni wọ́n ju ti Hiroshima. Ní ọjọ́ 8, Rọ́ṣíà kéde ogun lórí Jàpáànù. Òru mọ́jú ọjọ́ 9 ni sójà Rọ́ṣíà ya wọ Manchuria, ilẹ̀ Ṣáínà tó wà lábẹ́ Jàpáànù nígbà náà, ọjọ́ yẹn náà sì ni àdó kejì balẹ̀ sí Nagasaki. Ọjọ́ 15 ni ọba Jàpáànù, Hirohito, sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé àwọn gbà láti túúbá. Èwo nínú rẹ̀ ló wá parí ogun? Àwọn òpìtàn ò tíì ṣíwọ́ iyàn lórí rẹ̀. Henry Stimson, tó jẹ́ mínísítà ogun Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ ọ́ ní 1947 pé àdó náà dá ẹ̀mí púpọ̀ sí, nítorí sójà kò ní láti fẹsẹ̀ wọ Jàpáànù mọ́. Ẹni tó bá mọ ohun tójú rí nígbà tí wọ́n jagun ní Okinawa, erékùṣù Jàpáànù, kò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Leo Szilard, tí òun fúnra rẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ àdó náà, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní oṣù keje 1945, 70 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló fọwọ́ sí i: kí wọ́n má lò ó, àfi tí wọ́n bá ti là á mọ́lẹ̀ fún Jàpáànù ní gbangba ohun tí wọ́n ń béèrè, tí Jàpáànù sì kọ̀ láti túúbá.

“Olóró” ní tirẹ̀ kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ní Hiroshima, ẹlòmíì wà tí iná ò jó, tí kò ní ọgbẹ́ kan lára, tó tún ń ran aládùúgbò lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irun rẹ̀ ń já bọ́, èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, ara ń yọ àmì aláwọ̀ àlùkò, ó kú. Bí kì í bá ṣe oró, kí ni? A sì tún ń sọ pé wọ́n dá èèyàn lóró. Méjèèjì ló bá a mu. Nígbà tí 1945 fi máa parí, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 140,000 ló kú níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà láti máa kó àlàpà ilé tí wọ́n wó kí iná má baà ràn.

Nítorí náà, “àdó olóró átọ́míìkì” ni tèmi. Ẹni tó bá ní átọ́míìkì ò dùn létí, ṣé rédíò dùn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ni? Kí “ohun ìjà runlérunnà” tí àwọn oníròyìn ń lò máa jẹ́ orúkọ gbogbo ẹ̀yà wọn.

Ẹnì kan tún béèrè bí a ó ṣe túmọ̀ mokusatsu, ọ̀rọ̀ tí olórí ìjọba Jàpáànù, Suzuki, fi fèsì ìkéde Potsdam, èyí tó ní kí Jàpáànù túúbá, ní òpin oṣù keje 1945. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí “a ò tíì ní nǹkan í sọ”, àwọn kan ní “a ò kà yín sí”. “Kọtí ikún sí i” tí wọ́n dá lábàá dùn púpọ̀, àmọ́ ti ẹ̀yìn nìkan ló gbè. “Dákẹ́ sí i” ni mo fara mọ́.