Ta ló ti gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ọsibítù rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Iṣẹ́ abẹ ni ìyàwó mi fi bímọ ní oṣù kejì, ní ọsibítù aládàáni kan báyìí. Láti ìgbà náà ni ojú egbò ti ń ṣọyún. Wọ́n ní ká máa fi oògùn nù ún. Wọ́n ní irú ara rẹ̀ kì í tètè jinná, wọ́n tiẹ̀ bi í bóyá ó ń jẹ ẹyin dáadáa. Oṣù márùn-ún gbáko. Ibòmíràn tá a gbé e lọ ni wọ́n ti ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n là á padà, gọ́ọ̀sì, aṣọ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́ abẹ, ni wọ́n yọ. Mo rí i fúnra mi nínú abọ́ irin, ó dúdú bí èkísà tí wọ́n fi nu ìdí ìkòkò. Òórùn rẹ̀ ò tíì kúrò nímú mi. Iṣẹ́ abẹ kejì yẹn nìkan jẹ́ 480,000 náírà, mo ta ọ̀kadà mi. Ṣé ẹnì kankan wà níbí tó ti pe ọsibítù lẹ́jọ́, tó sì rówó gbà?

Kánmi Sábó: Ọlọ́run ló yọ ìyá ìkókó. Ọmọ ńkọ́?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n: Ara rẹ̀ le koko. Ó ti ń jókòó.

Baba Tísà Rándà: Ẹ fọwọ́ wọ́nú, ọmọ mi. A kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ìyàwó ṣáà yè.

Àlàbí Télọ̀: Baba Tísà, ẹ kú àgbà o, àmọ́ ta ló fẹ́ bá ọsibítù ṣọ̀rẹ́?

Ìyá Káfáyá: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ẹ má bínú tó bá gùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọkùnrin mi nígbà náà. 2014 ni, ìgbà tí gbogbo ayé ń pariwo Ebola. Ìyẹn gan-an ni mi ò ṣe gbé e lọ ọsibítù ńlá. Ibà ló ń ṣe é. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn ilé wa, wọ́n máa ń dá èèyàn lóhùn lóru, ohun tí mo fi fẹ́ràn wọn nìyẹn. Ọmọbìnrin kan ló gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí, kò tiẹ̀ bọ́ ṣòkòtò ọmọ tán. Ọmọ ké. Igbe yẹn kì í ṣe igbe abẹ́rẹ́, ìyá mọ igbe ọmọ rẹ̀. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ pé kó rìn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní rọpárọsẹ̀ ni, pé mi ò jẹ́ kí wọ́n kán oògùn sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kán an, ojú òun gan-an ni wọ́n ṣe kán an! Dókítà tó ni ibẹ̀ gbá rọpárọsẹ̀ yẹn mú, ohun tó ń wí títí dòní nìyẹn. Káàdì tí wọ́n kọ oògùn sí, ọwọ́ wọn ló wà. Ọmọ ti dàgbà báyìí. Bàtà iléèwé rẹ̀, ti ọ̀tún ló máa ń jẹ lẹ́nu, bí ẹni fi áyùn rẹ́ ẹ, ti òsì á ṣì máa dán. Bàtà méjì ni mò ń rà ní tẹ́ẹ̀mù kan. Kí wọ́n tiẹ̀ san owó bàtà nìkan fún mi.

Àlàbí Télọ̀: Ìyá Káfáyá, ẹ ti sọ mí di ẹni tó ń nu ojú lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Iṣan ńlá tó gba ìdí kọjá sí ẹsẹ̀ ni wọ́n gún, a máa ń rí i. Tí ẹ bá pín ìdí kan sí mẹ́rin, igun òkè tó kọjú síta nìkan ló ṣeé gún. Ọmọ kékeré kò sì lẹ́ran níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ itan ló yẹ kí wọ́n ti gún un. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló ṣe é. Ọ̀ṣílíárì ni, ẹni tí kò níwèé àṣẹ nọ́ọ̀sì.

Kánmi Sábó: Aṣọ kan náà ni gbogbo yín ń wọ̀. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ béèrè ìwé àṣẹ.

Kánmi Sábó: Kí n máa béèrè ìwé àṣẹ nígbà tí ibà ń gbọ̀n mí jìgìjìgì?

Lọ́yà Akẹ̀sán: Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́yà. Ó dáa díẹ̀ pé aládàáni ni. Ká ní ti ìjọba ni, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ ní oṣù mẹ́ta péré. Oṣù márùn-ún tí ẹ fi ń nu egbò ì bá ti di àríyànjiyàn sí yín lọ́rùn. MDCN, àjọ tó ń rí sí ìwà àwọn dókítà, ní Àbújá náà wà: ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn, ẹ búra sí i, ìgbìmọ̀ kan á wádìí rẹ̀, tó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ó di iwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ wọn. Wọ́n lè yọ orúkọ dókítà kúrò nínú ìwé, wọ́n lè dá a dúró fún oṣù mẹ́fà ó pẹ́ tán, wọ́n sì lè bá a wí lásán. Ṣùgbọ́n wọn kì í fún aláìsàn ní kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ owó lẹ ń wá, kọ́ọ̀tù ni.

Àlàbí Télọ̀: Oṣù mẹ́ta! Ẹlòmíràn ò tíì dìde lórí ẹní lóṣù mẹ́ta.

Baba Tísà Rándà: Ṣé kò buwọ́ lùwé kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà ni?

Lọ́yà Akẹ̀sán: Ó buwọ́ lù ú pé kí wọ́n la òun, sà. Kò buwọ́ lù ú pé kí wọ́n gbàgbé ẹrù síbẹ̀.

Olóòótọ́ Ni Mí: Ẹ má jẹ́ kí lọ́yà dẹ́rù bà yín o. Ọ̀rẹ́ bùròdá mi gba ogún mílíọ̀nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Kánmi Sábó: Kọ́ọ̀tù wo?

Olóòótọ́ Ni Mí: Mi ò lè dárúkọ.

Kánmi Sábó: Ọ̀sẹ̀ méjì, Nàìjíríà yìí? Ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá mi, pámárì ni mo wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti di bàbá ọmọ mẹ́ta.

Lọ́yà Akẹ̀sán: Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹjọ́ obìnrin kan, Ojo, àti dókítà kan, Gharoro, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a ní 2006. Ọsibítù ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti yunifásítì Benin ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà, abẹ́rẹ́ kán sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Obìnrin yẹn kò rí nǹkan kan gbà. Kò mú dókítà kankan wá láti sọ pé àìbìkítà ló fà á.

Àlàbí Télọ̀: Abẹ́rẹ́ nínú èèyàn, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ kó mú wá? Abẹ́rẹ́ kejì?

Ìyá Káfáyá: Dókítà wo ló máa wá jẹ́rìí ta ko dókítà? Wọ́n jọ ń jẹun ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Àwọn kan máa ń ṣe é, mà. Wọn ò pọ̀.

Tẹ̀mí Apákẹ̀: Ohun tí mo ṣe ń wí fún gbogbo ayé nìyí. Nígbà tí ọ̀kadà gbá mi lọ́nà Ọ̀yọ́, teguntegun ló to apá mi. Mo ń fi gbé àpò sìmẹ́ǹtì báyìí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ wá wo wọ́ọ̀dù wa. Wọ́n á fi ọparun di ọwọ́ le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ọwọ́ á dúdú, gígé ló máa kù. Teguntegun wo lẹ ti pè lẹ́jọ́ rí?

Tẹ̀mí Apákẹ̀: Wọn kì í gba 480,000 lọ́wọ́ wa ṣáá.

Baba Tísà Rándà: Tẹ̀mí, apá ẹ yẹn wọ́. Mo mọ̀ ẹ́.

Tẹ̀mí Apákẹ̀: Ó wọ́ díẹ̀, sà. Ó ń gbé sìmẹ́ǹtì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n: Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Lọ́yà, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe báyìí?

Lọ́yà Akẹ̀sán: Fáìlì. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 sọ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Kí ìyàwó yín kọ lẹ́tà, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tirẹ̀ pé àwọn rí i gbà. Ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó yọ gọ́ọ̀sì náà, kí ó tó yí èrò padà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n: Mo ti lọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Obìnrin tó wà nídìí fáìlì ní kí n padà wá lọ́jọ́rú. Àná ni Ọjọ́rú kẹta. Ó ní òjò ya wọlé, ó ba ìwé oṣù kejì jẹ́.

Kánmi Sábó: Oṣù kejì nìkan ni òjò mọ̀?

Lọ́yà Akẹ̀sán: Ẹ kọ gbogbo ohun tó sọ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Kí ẹnì kan bá yín lọ nígbà tó ń bọ̀.

Àlàbí Télọ̀: Èmi á bá ọ lọ. Mi ò níṣẹ́ lọ́jọ́rú.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ìyá Káfáyá, ẹ ṣì wà níbẹ̀? Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, ṣé wọ́n ti fún un ní ike tí wọ́n máa ń fi sínú bàtà, tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè?

Ìyá Káfáyá: Ike wo?