Kí ni ìtumọ̀ orúkọ Nebbiolo gan-an?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Ítálì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí orúkọ Nebbiolo, èso àjàrà agbègbè Piemonte tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì Barolo àti Barbaresco. Ohun tí mo ń kà jù ni pé inú ọ̀rọ̀ "nebbia", tó túmọ̀ sí kùrukùru, ló ti wá. Àwọn kan ní torí pé ìgbà tí kùrukùru bá bo àwọn òkè Langhe nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń kórè rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ohun funfun bí eérú tó máa ń bo ara èso náà bó bá ti pọ́n ni wọ́n fi wé kùrukùru. Èyí kejì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí ohun tí àgbẹ̀ ń fojú rí lára èso ni. Àwọn kan tún tọ́ka sí "nobile", ìyẹn ọlọ́lá. Níwọ̀n bí "nibiol" ti wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, èwo ni ìrísí àtijọ́ yìí tì lẹ́yìn? Ṣé orúkọ ìlú Chiavenna ló sì bí Chiavennasca, orúkọ tí àwọn ará agbègbè Valtellina ní àríwá Ítálì ń pe èso àjàrà yìí?