Ìwà ọmọ mi yí padà lẹ́yìn tí ó ṣubú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Akin: Ẹ̀yin òbí, mo kí gbogbo yín. Ọmọ mi tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà ti di oníbìínú. Bí àbúrò rẹ̀ bá fọwọ́ kan ìwé rẹ̀ lásán, ariwo ni. Olùkọ́ rẹ̀ kọ̀wé sí wa pé ọ̀lẹ ni, pé ó ń sùn nínú kíláàsì, àti pé ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ láàárọ̀, kò ní rántí rẹ̀ tí ó bá di ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ “ọ̀lẹ” yẹn dùn mí dé egungun, nítorí pé olùkọ́ yìí kan náà ló fún un ní ẹ̀bùn ìṣirò ní sáà tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ìkẹ́jù ló bà á jẹ́, wọ́n ní kí a mú ẹgba. Lóòótọ́ ni ó ṣubú láti orí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya àwòrán orí rẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n rí. Kí ni kí n ṣe sí ìwà yìí?

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìgbà tí ó ṣubú, tàbí bóyá ó dákú. Àwòrán yẹn máa ń fi ẹ̀jẹ̀ àti egungun tó sán hàn, ṣùgbọ́n bí ọpọlọ bá mì nínú agbárí, kì í sábà hàn níbẹ̀. Ìbínú, oorun àti ìgbàgbé lè ti ibẹ̀ wá.

Ìyá Dámilọ́lá: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ yín o! Ọmọ tèmi fi orí gbá nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré. A rò pé ó ti san, àfi ìgbà tí iṣẹ́ ilé ìwé le sí i tí kò lè ṣètò ohunkóhun mọ́. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí ṣì ń dàgbà títí ènìyàn yóò fi lé ní ogún ọdún, nítorí náà àléébù lè pẹ́ kí ó tó hàn. Ilé ìwé rẹ̀ fi àkókò kún ìdánwò rẹ̀, ìyẹn sì ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Àǹtí Fọlákẹ́: Ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn títí ara rẹ̀ yóò fi yá pátápátá.

Bàbá Ìbejì: Àǹtí, ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn. Ìsinmi ọjọ́ kan sí méjì ti tó, lẹ́yìn náà ni yóò máa padà sí iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilé ìwé ṣáájú eré ìdárayá.

Àǹtí Fọlákẹ́: Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́, n kò fi ìwé tọ́ wọn.

Ìyá Akin: Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò dákú, ìbéèrè kan náà ló kàn ń bi wá léraléra. A kò fi í sínú òkùnkùn, nítorí kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, dókítà kò sì dárúkọ bọ́ọ̀lù fún èmi. Bàbá rẹ̀ ló gba ìwé tí wọ́n fún wa. Ìdíje wà lọ́sẹ̀ kejì, inú rẹ̀ sì dùn láti gbá a. Níbẹ̀ ni òun àti ọmọ mìíràn ti forí gbárí ní Sátidé tó kọjá. Kò sunkún rárá. Orí máa ń fọ́ ọ gan-an láàárọ̀ láti ìgbà náà, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ni mo béèrè.

Bàbá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwà sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì nísinsìnyí. Kí ó tó forí gbárí yẹn ni ẹ ti ya àwòrán, kò lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ọpọlọ tí kò tíì san, tí a tún gbá, lè wú. Ẹ má ṣe fún un ní aspirin. Ẹ sọ ti àtẹ̀gùn àti ti bọ́ọ̀lù, méjèèjì, fún dókítà.

Ìyá Akin: Bàbá rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ jáde. Ó ń sùn lọ́wọ́. Ṣé kí n jẹ́ kí ó sùn tán?

Àǹtí Fọlákẹ́: Rárá, ìyá Akin, ẹ jí i. Bí kò bá jí dáadáa, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ọmọlójú kan bá tóbi ju èkejì lọ, ọkọ̀ pàjáwìrì ni kí ẹ pè.