"Kí lẹ ṣì lè ṣe fúnra yín?": Ìrírí wa nídìí ìtọ́jú àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Aláìsàn kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí òun ló jẹ́ kí ohun tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ yé mi.

Télọ̀ ni bàbá náà. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé ìṣó gún un, kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ẹsẹ̀ ti dúdú. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò sí ohun tí a kò ṣe fún un. A wẹ̀ ẹ́, a fún un lóúnjẹ, a gún un ní insulin, a fá irùngbọ̀n rẹ̀. Lójú tiwa, ìtọ́jú tó péye ni. Àmọ́ bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́, ògiri ló ń kọjú sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àpò yunifọ́ọ̀mù mi há mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ya. Ó wò ó, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bá mi wá abẹ́rẹ́ àti òwú." Ó rán àpò náà níbi tó jókòó sí, ojú rírán kò hàn síta rárá. Láti ọjọ́ 9 tó ti wà lọ́dọ̀ wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ kọjá "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá".

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Dorothea Orem, nọ́ọ̀sì ọmọ Baltimore ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1914, tó gbé èrò rẹ̀ nípa ìtọ́jú ara ẹni jáde nínú ìwé ní 1971. A ti há a sórí fún ìdánwò, ká tó gbàgbé rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé àgbàlagbà ló máa ń tọ́jú ara rẹ̀. Ìgbà tí ohun tí ara ń béèrè bá ju agbára rẹ̀ lọ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ibi tó kù díẹ̀ káàtó yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì yóò sì dí. Ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀: kí nọ́ọ̀sì ṣe gbogbo rẹ̀, bí ti ẹni tó dákú, kí nọ́ọ̀sì àti aláìsàn jọ pín in ṣe, tàbí kí aláìsàn máa ṣe é fúnra rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì máa kọ́ ọ, kó sì máa gbárùkù tì í. Bàbá yìí ti ń lọ sí ọ̀nà kẹta, àwa ṣì dè é mọ́ ọ̀nà kìíní.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé insulin sí i lọ́wọ́. Mo fi bí wọ́n ṣe ń fà á hàn án, mo sì sọ fún un pé kó má máa gún ojú kan náà lójoojúmọ́. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń kọ́ èmi ní abẹ́rẹ́ gígún lọ́jọ́sí. Ọwọ́ tirẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní, "Láti kékeré ni mo ti ń di abẹ́rẹ́ mú." A kọ́ ọ kó máa fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ tó kù lálaalẹ́, kó má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, kódà nínú yàrá, kó sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi gbígbóná wò kó tó wẹ̀. Iná kì í sábà wà ládùúgbò rẹ̀, nítorí náà a kọ́ ọ bó ṣe lè ki ìkòkò amọ̀ kan bọ inú òmíràn, kó da iyanrìn tí omi rin sáàárín méjèèjì, kí insulin má bàa gbóná. Ó padà sídìí maṣíìnì. Ó pààrọ̀ ti ẹlẹ́sẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí.

Ta ló tún ní irú ìrírí báyìí?

Ọmọ aláìsàn, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣé, Mà. Ọ̀rọ̀ yín gún mi lọ́kàn, torí ohun tí ẹ ṣe fún bàbá télọ̀ yẹn ni mo ṣe fún bàbá tèmi fún oṣù 4. Rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún wọn. Mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́, àwọn ará àdúgbò sì ń gbàdúrà fún mi pé ọmọ tèmi náà yóò tọ́jú mi. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ tó bá jókòó tí bàbá rẹ̀ ń gbé ife omi fúnra wọn, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ń wá nu egbò ìdí wọn. (Ẹ̀bi wa ni egbò yẹn. A kò mọ̀ pé ó yẹ ká máa yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì ní wákàtí méjì-méjì.) Òun ló ní ká gbé ṣíbí lé wọn lọ́wọ́ òsì. Ilé dàrú! Àǹtí bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e síta. Ọwọ́ òsì kẹ̀? Olóyè? Bàbá alára gbójú kúrò lára wa.

Nọ́ọ̀sì kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bi bàbá, kò bi àwa: "Bàbá, èwo lẹ lè fara mọ́ níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ kò tíì já gaara lẹ́nu wọn nígbà yẹn, ó sì dúró títí wọ́n fi sọ tán. Wọ́n ní bó bá ku àwa ọmọ nìkan, àwọn á fi òsì jẹun. Bí àlejò bá wà, àwọn ò ní jẹun rárá. Bó bá sì di pé kí wọ́n na ọwọ́ sí ènìyàn, ọwọ́ òsì ni wọ́n á fi gbé ọ̀tún dìde, kó lè jẹ́ ọ̀tún ló kí i.

Apá ọ̀tún kò padà bọ̀ sípò o. Ṣùgbọ́n wọ́n ń nu ojú wọn fúnra wọn, àwọn ló ń sọ aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀, wọ́n sì ń jẹ ìrẹsì wọn tán. Ó máa ń gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí. Kí n jókòó kí n má ràn wọ́n lọ́wọ́ ló ṣòro jù fún mi nínú gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Nọ́ọ̀sì yẹn mọ iṣẹ́. Madeleine Leininger, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tó tún kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àwọn ènìyàn, sọ pé bí àṣà aláìsàn bá kan ìtọ́jú, a lè dì í mú bó ṣe wà, a lè bá a dúnàá-dúrà, a sì lè bá aláìsàn jọ tún un tò. Dúnàá-dúrà ni ti bàbá yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi apá ọ̀tún yẹn fà wọ́n dìde o, èjìká lè yẹ̀. Ẹ máa fi ìrọ̀rí gbé e bí wọ́n bá jókòó.

Ẹlẹ́jẹ̀ SS, Èkó

Ọ̀rọ̀ tèmi le díẹ̀, ẹ foríjì mí.

Ẹni ọdún 34 ni mí. Mo mọ ara mi. Mò ń lo folic acid lójoojúmọ́, Paludrine nítorí ibà, àti hydroxyurea tí dókítà kọ fún mi. Mo máa ń mu omi púpọ̀, n kì í sì í jẹ́ kí òtútù tàbí òjò bá mi lójijì. Orem ti ní orúkọ fún gbogbo èyí, mi ò mọ̀ títí di òní.

Lóru ọjọ́ kan, ìrora dé sí mi lẹ́yìn àti itan. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan. Mo sọ orúkọ abẹ́rẹ́ tó máa ń ràn mí lọ́wọ́, mo sọ ìwọ̀n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní, "Ta ló kọ́ ẹ? Ẹ̀yin SS yìí, ẹ ti sọ abẹ́rẹ́ di igbó." Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní kò dùn mí nìyẹn. Nígbà tí mo figbe ta, ó ní mo ń ṣe àṣejù. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

Níbòmíràn, òdìkejì ni. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ lo mọ ara ẹ? Dìde, lọ bu omi tí o fẹ́ mu." Mi ò lè na ẹsẹ̀, ká má tíì sọ ti ìdìde.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀ pé ẹnìkan á ka ìtàn bàbá télọ̀, á sì ní kí aláìsàn máa ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara mi dá, mo lè ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìrora bá dé, mi ò lè ṣe ohunkóhun. Nọ́ọ̀sì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí yé. Ó jókòó tì mí lọ́jọ́ tí ara mi yá, a jọ kọ ojú ìwé méjì: ohun tí mo máa ń ṣe fúnra mi, àti ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún mi nígbà tí mi ò bá lè sọ̀rọ̀. Dókítà mi fọwọ́ sí i. Inú báàgì mi ló ń gbé.

Tíṣà tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, Òṣogbo

Ìjàm̀bá mọ́tò ló ba eegun ẹ̀yìn mi jẹ́ ní 2011. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi bí mo ṣe lè máa ki rọ́bà ìtọ̀ bọ ara mi, tí mo sì ń yọ ọ́. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n ni, mi ò bá má lè kúrò nílé kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Òun náà ló sọ fún mi nípa Juliet Corbin, nọ́ọ̀sì, àti Anselm Strauss, onímọ̀ nípa àwùjọ, ará Amẹ́ríkà àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń ṣe ní iṣẹ́ mẹ́ta lọ́rùn: iṣẹ́ àìsàn náà, iṣẹ́ ilé àti ti oúnjẹ òòjọ́, àti iṣẹ́ kí ènìyàn tún ìtàn ayé ara rẹ̀ tò, kó mọ ẹni tí òun jẹ́ báyìí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí nípa ìkẹta títí di ọjọ́ yẹn. Mo sunkún.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń gba káàdì ní kíníkì tí mò ń lọ. Òfin tó ní kí wọ́n má ya àwa aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ ti wà, Ààrẹ fọwọ́ sí i ní January 2019, ó sì fún àwọn ilé ìlò gbogbogbòò ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bá mi gun òkè lọ gbà á, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n gbé tábìlì yẹn sọ̀ kalẹ̀ ni mo fẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester

Olùtọ́jú ni mí, ilé dé ilé ni mo ń lọ. Ìyá kan wà tí àìsàn Parkinson, èyí tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ń ṣe. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kò gbà á. "Mama" la fàbọ̀ sí. Bí mo bá bá a de bọ́tìnì, ìṣẹ́jú 2. Bó bá dè é fúnra rẹ̀, ó ń lọ sí ìṣẹ́jú 12, bẹ́ẹ̀ ìdajì wákàtí ni gbogbo àkókò tí wọ́n fún mi, oògùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Àdéhùn wa ni pé òun ló ń de méjì tó wà lókè, èmi a de ìyókù. Bí àkókò bá kéré, ohun tí ìyá yẹn lè ṣe ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ọmọ mi tó wà l'Ékòó, ẹ̀tọ́ lo sọ. Ọ̀nà mẹ́ta yẹn kì í ṣe àga tí a gbé ènìyàn lé títí ayé. Aláìsàn kan náà lè wà ní ìkẹta láàárọ̀, kó wà ní ìkíní lálẹ́. Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọ rí, sí ọmọkùnrin ẹlẹ́jẹ̀ SS kan, ní ọdún kẹta tí mo gba iṣẹ́. Mi ò rí i mọ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Jọ̀wọ́, kọ ojú ìwé kejì yẹn síbí. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ó fẹ́ lò ó.

Ẹlẹ́jẹ̀ SS, Èkó

Mà, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Mo yọ orúkọ oògùn kúrò, torí tèmi ni:

"Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, ó ń dùn mí. Ẹ fún mi ní oògùn tó wà lẹ́yìn ìwé yìí, ẹ wo aago tí ẹ fún mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bò mí. Ẹ gbé omi sí ọwọ́ òsì mi, kí ọwọ́ mi tó o. Bí àyà bá ń dùn mí tàbí tí mi ò bá lè mí dáadáa, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ní kí ẹ jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi, ẹ jẹ́ kí n ṣe é."