Kí ló dé tí akọ ẹ̀gà ń tú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun?

Ìyá Ẹlẹ́rìndòdò, Gáréèjì Ọ̀fà, Ìlọrin
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè kan ni mo ní, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ kan wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù mi tí ẹ̀gà kún fọ́fọ́. Látìgbà tí òjò ti múlẹ̀ ni ariwo wọn kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Èmi tí n kò sì ríná fi mú ọjà tutù, kí ni mo tún fẹ́ ṣe ju kí n máa wòran?

Akọ kan wà níbẹ̀, ojú dúdú, àyà rúsúrúsú, ẹyinjú pọ́n. Tó bá hun ilé tán, á rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ nísàlẹ̀, á dorí kodò, á máa gbọn apá pìpìpì, á máa ké. Abo á dé, á wọlé, á fẹnu fa koríko inú ẹ̀ wò, á bá tiẹ̀ lọ. Òmíràn á wá, òun náà á lọ. Nígbà tí ilé yẹn wá gbẹ, akọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fúnra ẹ̀, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn! Ṣé inú ló ń bí i ni?

Ẹ wò ó, tíráńsífọ́mà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ yẹn. Aṣojú wa l'Ábújá ló gbé e wá kí ìbò 2023 tó dé. Wọ́n lùlù, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sí i lára. Títí dòní, wáyà kankan kò dé ibẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ tí kò tó náírà 200 lítà kan kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún 2023, kí 2024 tó parí ó ti lé ní 1,000. Bisikíìtì ni mo ń kó sínú fíríìjì báyìí. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá tú tíráńsífọ́mà yẹn o.

Tíṣà Òmù-Àrán
Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Kì í ṣe ìbínú. Ilé tútù tí àwọ̀ ewé ṣì wà lára ẹ̀ labo ń fẹ́. Tó bá ti gbẹ, kò ní yà síbẹ̀ mọ́. Akọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ló ṣe ń tú u kó lè hun tuntun sójú ibẹ̀. Fífà tí abo ń fa koríko, àyẹ̀wò ni. Tó bá gbà, òun ni yóò kó koríko múlọ́múlọ́ tẹ́ inú ẹ̀, òun ni yóò sàba. Akọ á ti máa hun òmíràn de ìyàwó kejì.

Ọmọ Ìpàta
Tíṣà, ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí yẹn gan-an ni Ábújá! Àmọ́ ẹ̀gà sàn jù wọ́n lọ. Tiwa tá a bá kọ̀, kóòtù ló ń lọ. Kóòtù kọ̀ ọ́, á bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹyẹ tèmi fi ń mọ̀ wọ́n ni kékeré onírù gbọọrọ tó máa ń fò sókè fò sódò lójú abo nígbà òjò. Ìgbà yẹn bá lọ tán, ìrù já, ẹ kò ní dá a mọ̀ mọ́. Abo ẹ̀ kì í kọ́lé rárá, inú ìtẹ́ ẹlòmíràn ló ń yé sí.

Bàbá Ìgbómìnà
Ẹ fi ẹyẹ sílẹ̀. Ìyá, nígbà tí wọ́n ń lùlù, ta ló bèèrè wáyà? Abala 69 nínú ìwé òfin 1999 gbà wá láyè láti pe aṣojú padà: kí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n ju ìdajì lọ, lẹ́yìn náà àjọ INEC á ṣètò ìbò láàrin àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ó ṣòro ṣá. Àwọn ará Kogi West tó múlé gbè wá gbìyànjú ẹ̀. Nígbà tí INEC ṣàyẹ̀wò ìwé wọn ní 2018, àwọn tó jáde wá jẹ́rìí kò tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò.

Ìyá Ẹlẹ́rìndòdò
Bàbá, mo bèèrè o! Ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ kan ní wáyà wà lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà Jẹ́bbà ni mo rò pó há sí. Tíṣà, mo dúpẹ́. Onílé ní ẹ̀gà ti já imọ̀ ọ̀pẹ òun tán, òun máa gé e. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àwọn abo yẹn pamọ ná. Ó ní kí n kọ́kọ́ san owó ṣọ́ọ̀bù tí mo jẹ.