Ẹni tó ba ọmọ mi jẹ́ ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣé ọmọ mi á tún padà sí kóòtù?

Ìbéèrè (ẹni tó kọ ọ́ ní kí a fi orúkọ òun pamọ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo ń pa á rẹ́. Ẹ má bínú tó bá gùn.

Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ mi obìnrin nígbà tí àbúrò ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú, bẹ̀rẹ̀ sí í fipá bá a lò pọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Tíṣà rẹ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín kò sọ̀rọ̀ mọ́. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, ọlọ́pàá mú ọkùnrin náà, ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà. Ọdún méjì ààbọ̀ la fi ń lọ tí a ń bọ̀. Ọmọ mi jẹ́rìí. Wọ́n lé èrò jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, síbẹ̀ lọ́yà ọkùnrin náà da ìbéèrè bò ó títí ó fi tọ̀ sára. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà yẹn.

Oṣù tó kọjá ni adájọ́ ní ó jẹ̀bi, ó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére. Mo rò pé ó ti parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá ọkọ mi wọlé wá sọ pé ó ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ẹni tó ń ròyìn ìkómọ ló ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa tún gbé ẹjọ́ náà sí? Ṣé ọmọ mi á tún dúró síwájú ọkùnrin yẹn? Ṣé wọ́n á ní kí ọkùnrin náà máa ti ilé wá jẹ́jọ́? Mi ò tíì sọ fún ọmọ náà. Lálẹ́ àná ó ń kọrin níbi tó ti ń fọ abọ́. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì, Agége

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá mi. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo dé ibi abọ́ yẹn. Èmi ò mọ òfin, ṣùgbọ́n ẹ ṣe abiyamọ. Nítorí àna, ọ̀pọ̀ ni ì bá bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ dúró de àwọn lọ́yà tó wà láàárín wa.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Rárá, wọn kì í tún ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ìwé ló ń sọ̀rọ̀ ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nílé ẹjọ́ gíga, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, ìwé dókítà, ìdájọ́ pẹ̀lú, ni wọ́n máa kó jọ di rẹ́kọ́ọ̀dù. Adájọ́ mẹ́ta ló máa kà á. Lọ́yà tirẹ̀ á kọ àròyé, lọ́yà ìjọba á fèsì, wọ́n á wá dájọ́. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí síbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí pípè tó pè é já yín láyà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Abala 241 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló fún un láyè, ọjọ́ 90 ló sì ní láti pè é, ó lè ti inú ẹ̀wọ̀n fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n gbére, kí ló tún kù tó máa pàdánù tí kò fi ní í pè é? Kò túmọ̀ sí pé ẹjọ́ tiyín mẹ́hẹ.

Ní ti béèlì, kó tó di pé wọ́n dá a lẹ́bi, òfin kà á sí aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ìyẹn ti kọjá. Kí adájọ́ tó gba béèlì rẹ̀ báyìí, ó gbọ́dọ̀ fi ohun tó ṣàrà ọ̀tọ̀ hàn, bí àìsàn líle tí wọn ò lè tọ́jú nínú ẹ̀wọ̀n. Wọn kì í sábà gbà á. Inú ẹ̀wọ̀n ló máa wà tí wọ́n á fi dá a.

Ó wá ku ibi tó le, mi ò sì ní í tàn yín. Àwọn kan máa ń borí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n rán dókítà kan lọ sẹ́wọ̀n gbére ní Ìkẹjà lórí ẹ̀sùn irú èyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n òṣèré tíátà tí gbogbo wa gbọ́ nípa rẹ̀, tí wọ́n dá lẹ́bi ní oṣù keje ọdún 2022, pe tirẹ̀ náà, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹsẹ̀ tó fi ń dúró.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń fa ẹsẹ̀ irú ẹjọ́ yìí nìyí. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 209, sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra kó tó jẹ́rìí, àti pé ẹnu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìkan ò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ wà tó tì í lẹ́yìn, tó sì nawọ́ sí olùjẹ́jọ́. Nítorí náà mo fẹ́ bi yín: ṣé dókítà wá? Ṣé tíṣà wá? Ṣé ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ wọlé? Kí ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kọ ní àgọ́ ọlọ́pàá?

Àwọn adájọ́ mẹ́ta yẹn lè fi ìdájọ́ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n lè dín ẹ̀wọ̀n kù, wọ́n lè tú u sílẹ̀. Wọ́n sì lè ní kí ilé ẹjọ́ mìíràn tún ẹjọ́ náà gbọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló lè dá ọmọ yín padà sí ibi ìjẹ́rìí, wọn kì í sì í kánjú ṣe é.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì DPP, ìyẹn àwọn lọ́yà ìjọba tó ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́, ní Alausa. Ìpínlẹ̀ Èkó ló ni ẹjọ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀yin. Àwọn ló máa dáhùn ní kóòtù. Ẹ béèrè lọ́yà tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń lò báyìí.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun, sà. Dókítà wá, tíṣà náà wá, ìwé ọjọ́ ìbí wọlé. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá pé òun ṣe é, àmọ́ nígbà tó dé kóòtù ó ní wọ́n lu òun ni.

Ohun kan wà tí mi ò kọ lẹ́ẹ̀kan, torí ó ń tì mí lójú. Ìyá ọkọ mi mú ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ wá. Ó ní kí n lọ búra sí i pé ọmọ mi purọ́, pé lọ́yà àwọn ní bí mo bá ti fọwọ́ sí i báyìí, ọmọ òun á jáde. Ó ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, pé mo fẹ́ tú ẹbí ká ni. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ má fọwọ́ sí i, mà, bí gbogbo ìlú bá tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pe ẹjọ́ náà, ẹ ò sì lè fa á padà. Kéèyàn búra èké níwájú kóòtù, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀yin fúnra yín ni ọlọ́pàá á wá mú. Ìwé yẹn ò sì ní kó jáde báyìí báyìí bí wọ́n ṣe wí. Ohun tó máa ṣe ni pé lọ́yà rẹ̀ á ní ohun tó máa fi da ẹ̀rí ọmọ yín rú.

Àǹtí Òṣìṣẹ́ Ọmọdé, Ìkẹjà

Ìyá mi, ẹ ya fọ́tò ìwé náà bó bá ṣì wà nílé, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n mú un wá. Ẹ fi han lọ́yà ìjọba. Bí wọ́n bá tún wá, ẹ fi tó DSVA létí, ìyẹn àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, iṣẹ́ wọn ni. Bí ọmọ náà bá sì nílò ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wà nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba Èkó, ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, wọn kì í gbowó.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọmọ náà ò tíì gbọ́. Ìyá àgbà tó gbé ìwé wọlé lè sọ fún un nígbàkígbà, bó sì ṣe máa sọ ọ́ ò ní í dára. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnu yín ló ti máa gbọ́ ọ. Ẹ sọ ọ́ ní kúkúrú: “Ó ní ìdájọ́ yẹn ò tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn adájọ́ mìíràn máa ka ìwé ẹjọ́. Ohun tí o sọ ti wà nínú ìwé náà. Inú ẹ̀wọ̀n ló ṣì wà.” Ẹ má ṣe ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín fún un. Tó bá bi yín ní ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ máa béèrè. Ọmọ tí wọ́n ti parọ́ fún rí máa ń tètè mọ irọ́.

Alàgbà, Abẹ́òkúta

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé ó lè má dùn mọ́ àwọn kan. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà lórí irú ẹ̀sùn yìí. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló dá a sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ní ó ti ṣe é lọ́jọ́ náà, kò sí níbẹ̀, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sì fi hàn. Bàbá wa ti kú kó tó jáde. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ bíi pé ẹni tó bá pe ẹjọ́ ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ kejì.

Ìyá Ìbejì, Agége

Bàbá, ẹ má bínú, ṣé ibi tí obìnrin yìí ti ń sunkún lẹ máa mú ìyẹn wá?

Alàgbà, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, mi ò bá obìnrin náà jà. Torí tirẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́. Ohun tó gba ẹ̀gbọ́n mi ni pé àwọn adájọ́ fara balẹ̀ ka ìwé. Bí ìwé tiwọn bá dúró dáadáa bó ṣe wí yìí, dókítà, tíṣà, ọjọ́ ìbí, kíkà yẹn kan náà ló máa gbè é. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ìwé irọ́ kiri, ìyẹn ò wá òtítọ́. Nígbà tiwa, a ò bẹ ọmọ kankan pé kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Àǹtí Peckham

Ní ọ̀dọ̀ wa ní ìlú Ọba níbí, kì í ṣe pé èèyàn kàn ń pè é. Ó máa kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù láàárín ọjọ́ 28, wọ́n sì lè ní kò sí àyè. Bí ẹ̀wọ̀n bá sì kéré jù, ẹnikẹ́ni, tó fi mọ́ ìyá ọmọ, lè kọ̀wé sí Attorney-General láàárín ọjọ́ 28 kan náà pé kí wọ́n wò ó. Ó wù mí kí irú èyí tó kẹ́yìn yẹn wà nílé, kí ìyá ọmọ má kàn jókòó sẹ́yìn kóòtù bí àlejò. Mo ń gbàdúrà fún yín, sister.

Ẹni tó béèrè (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà)

Ẹ kú àdúrótì o. Mo lọ sí Alausa lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n wá fáìlì náà, wọ́n rí i, wọ́n kọ nọ́ńbà ẹjọ́ fún mi sórí pépà. Lọ́yà obìnrin kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi fọ́tò ìwé yẹn hàn án, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Ó ní rẹ́kọ́ọ̀dù ò tíì jáde, pé ó lè pẹ́, kí n má máa ka oṣù.

Ọkọ mi ló wà mí lọ. A ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ojota. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ló ní òun ti pe ìyá òun pé kí wọ́n má gbé ìwé kankan wá sílé òun mọ́. Mi ò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọmọ mi, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe kọ ọ́. Ó bi mí bóyá òun máa rí i, mo ní rárá, ìwé ni wọ́n máa kà. Ó ní bí wọ́n bá wá ní kí òun tún wá ńkọ́? Mo ní wọn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, pé bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ èmi ni màá kọ́kọ́ sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bi mí pé ṣé ibi tí òun ti sunkún náà wà nínú ìwé yẹn. Mo ní mo rò bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Kí wọ́n kà á.”